Nígbà Tí Ẹ Bá Kúrò Lẹ́yìn Gúrù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn tó kúrò lẹ́yìn gúrù, àti àwọn ará ilé wọn, máa ń béèrè jù. Àpẹẹrẹ tí mo máa lò jù ni ti Rajneesh, ará Íńdíà tí ayé wá mọ̀ sí Osho. Ìtàn rẹ̀ ti dé ilé ẹjọ́, ó ti dé etí gbogbo ayé, kì í ṣe ohun tí à ń sọ lábẹ́lẹ̀.

Irú gúrù wo là ń sọ?

Ní Íńdíà, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní orin tàbí ijó náà ń jẹ́ gúrù, kò sì sí àbùkù kankan níbẹ̀. Ẹni tí à ń sọ ni èyí tó ní òun ti rí òtítọ́ tó ga jù, pé ẹ ò lè dé ibẹ̀ àfi bí ẹ bá gba ọ̀dọ̀ òun kọjá, àti pé bí ẹ bá ń ṣiyèméjì nípa òun, ẹ̀yin lẹ ní àìsàn lọ́kàn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló burú jù. Olùkọ́ gidi máa ń fẹ́ kí ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Mo kàwé, mo níṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Báwo ni irú èmi ṣe kó sínú rẹ̀?

Ìwé kíkà kì í gbani níbi yìí. Rajneesh fúnra rẹ̀ ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì ní Jabalpur ní Íńdíà kó tó di gúrù. Nígbà tí àgọ́ rẹ̀ fìdí múlẹ̀ ní Pune ní 1974, àwọn tó ń wọ́ wá láti Jámánì, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà kì í ṣe òpè. Dókítà wà láàárín wọn, lọ́yà wà níbẹ̀, àwọn oníròyìn àti àwọn tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ náà wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá dára lójú wọn: àṣàrò, ijó, ẹkún tí èèyàn lè sun láìsí ẹni tó máa fi í ṣẹ̀sín, àti ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ dídùn lárààárọ̀, tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu àlùfáà àti olóṣèlú tí àwọn náà kò fẹ́ràn.

Kò sẹ́ni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ wọ ẹgbẹ́ burúkú. Ẹgbẹ́ tó dára lèèyàn ń wọ̀, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń yí. Ẹ kọ́kọ́ wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tàbí pupa. Wọ́n fún yín lórúkọ tuntun. Wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ oníhóró 108 kọ́ yín lọ́rùn, àwòrán gúrù sì so mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ẹ ta ilé. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kéré, èyí tó ṣáájú ló sì ń la ọ̀nà fún èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ bá ti sọ fún ìyá yín pé orúkọ tó sọ yín kì í ṣe tiyín mọ́, ìtìjú nìkan tó láti dá yín dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí báwo lẹ ṣe fẹ́ padà lọ bá a?

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Oregon gan-an?

Ní 1981, Rajneesh kó lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ra oko ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Big Muddy Ranch ní ìpínlẹ̀ Oregon, nǹkan bí éékà 64,000, wọ́n sì kọ́ ìlú sórí rẹ̀ tí wọ́n sọ ní Rajneeshpuram. Wọ́n la ọ̀nà, wọ́n sé odò, wọ́n ṣe pápá ọkọ̀ òfúrufú. Láàárọ̀ títí dalẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, láìgba owó oṣù, ìjọsìn sì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Mi ò ní bu ohun tí wọ́n ṣe kù; ó yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yẹn, ó lé ní ọdún mẹ́ta tí gúrù wọn ò fi bá gbogbo ìjọ sọ̀rọ̀ ní gbangba. Akọ̀wé rẹ̀, Ma Anand Sheela, ló ń wá sọ ohun tó wí fún wọn. Ọkọ̀ Rolls-Royce tí wọ́n kó jọ fún un sì lé ní 90.

Lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn ará Wasco County, agbègbè tí ìlú wọn wà, lórí ilẹ̀ àti ìbò. Ní 1984, àwọn kan lára àwọn olórí àgọ́ náà kó kòkòrò àrùn Salmonella sínú sàláàdì ní ilé oúnjẹ 10 nílùú The Dalles. Wọ́n fẹ́ dán an wò bóyá àwọn lè mú kí àwọn olùdìbò má lè dìde lórí ibùsùn lọ́jọ́ ìdìbò. Èèyàn 751 ló ṣàìsàn. A dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó kú. Ní oṣù Kẹsàn-án 1985 Sheela sá lọ sí Yúróòpù, Rajneesh sì ní gbogbo ohun tó ṣe kò tọwọ́ òun wá. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n mú òun náà ní Charlotte, ní North Carolina. Ẹ̀sùn tiẹ̀ dá lórí irọ́ nípa ìwé ìwọ̀lú. Kò jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ó gbà kí ilé ẹjọ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ náà sí òun lọ́rùn, ó san 400,000 dọ́là, ó sì fi Amẹ́ríkà sílẹ̀. Wọ́n mú Sheela padà láti Jámánì, ó jẹ́wọ́, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìlú tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fi òógùn wọn kọ́ fi dahoro.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nínú ìtàn yìí ni pé èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tó gbé ibẹ̀ kò fi májèlé kan ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń dáná, wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́, wọ́n ń fọ aṣọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà pé àwọn ò ní béèrè, ẹ̀yìn àìbéèrè wọn yẹn sì ni àwọn ìwọ̀nba tó ń ṣèkà fara pa mọ́ sí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ibi tí mo wà ti ń bàjẹ́?

Ẹ béèrè nípa owó lójú gbogbo èèyàn, kí ẹ wo ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bí wọ́n bá mú ìwé ìṣirò wá, ó dáa. Bí wọ́n bá ní ọkàn yín kò mọ́, tí ọ̀rẹ́ yín ò bá yín jókòó mọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ ti rí ìdáhùn gbà. Ẹ wò ó bóyá gúrù wà lábẹ́ òfin tó ń fi lélẹ̀ fáwọn yòókù, pàápàá lórí obìnrin. Ẹ wo ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú ẹni tó bá kúrò, torí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni wọ́n máa sọ̀rọ̀ yín lọ́la. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ibi tí wọ́n bá ti sọ ìbéèrè di ẹ̀ṣẹ̀, ẹ má dúró níbẹ̀ pẹ́.

Ṣùgbọ́n mo fojú ara mi rí iṣẹ́ ìyanu.

Mo gbà pé ẹ rí nǹkan. Ẹ jẹ́ ká yẹ ohun tí ẹ rí wò, lọ́tọ̀ sí ohun tí wọ́n sọ fún yín pé ẹ rí.

Abraham Kovoor, ọmọ Kerala ní Íńdíà tó fi Sri Lanka ṣe ilé, kéde ní 1963 pé òun máa fún ẹnikẹ́ni tó bá lè ṣe iṣẹ́ ìyanu níbi tí kò ti sí àyè ìtànjẹ ní 100,000 rúpì owó Sri Lanka. Ó kú ní 1978, owó náà sì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà á. Ẹni tó gba iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni Basava Premanand. Abúlé dé abúlé ló ń lọ ní Íńdíà, á fọwọ́ gbá afẹ́fẹ́, eérú mímọ́ á sì jáde ní ìka rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe fún àwọn gúrù. Lẹ́yìn náà ló máa ṣí àṣírí ẹ̀: eérú tí wọ́n ti pò, tí wọ́n rọ di hóró kékeré tó gbẹ, ló há sí àárín ìka. Tí ìka bá fọ́ ọ, ó di ìyẹ̀fun, á sì dà sọ́wọ́ ẹni tó na ọwọ́ sílẹ̀. Ó kọ́ àwọn ọmọ iléèwé náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo fẹ́ràn ọ̀nà tó gbà yìí gan-an, torí pé kò bú ẹnikẹ́ni tó gbàgbọ́, ó kàn fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wọ́n.

Àlàáfíà tí mo rí nínú àṣàrò ńkọ́? Ṣé irọ́ nìyẹn náà?

Rárá o. Òtítọ́ ni, tiyín sì ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Herbert Benson, dókítà ọkàn ní Harvard, ti ń yẹ ara àwọn tó ń ṣe àṣàrò Maharishi Mahesh Yogi, gúrù ará Íńdíà mìíràn, wò. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, olùkọ́ ló ń fún èèyàn ní ọ̀rọ̀ kan tí á máa tún sọ lọ́kàn, owó ni wọ́n sì fi ń gbà á. Benson rí i pé ara wọn ń rọ̀ lóòótọ́: èémí ń lọ jẹ́jẹ́, ọkàn ń lù wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó tún rí i pé ọ̀rọ̀ kékeré yòówù, pẹ̀lú ìjókòó jẹ́jẹ́ àti ọkàn tí kò bá ara rẹ̀ jà, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Inú ara yín ni ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn ti wá.

Nítorí náà, bí ẹ bá ṣì fẹ́ máa jókòó fún ìṣẹ́jú ogún láàárọ̀, ẹ jókòó. Kò dìgbà tí ẹ bá gbé àwòrán ẹnikẹ́ni síwájú. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí náà: àṣàrò oníwákàtí púpọ̀ lójúmọ́ máa ń da ọkàn àwọn míì rú, kì í jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn, ó sì lè mú kí wọ́n dà bí ẹni tí kò sí nínú ara rẹ̀. Bó bá ń ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró, kí ẹ lọ rí dókítà.

Wọ́n ní àjálù máa ń bá ẹni tó bá kúrò. Mi ò lè sùn lóru.

Nínú gbogbo ìbéèrè, èyí ló máa ń dùn mí jù, torí ẹni tó bá tọ́ adùn rí nínú ẹgbẹ́ ló máa ń bẹ̀rù jù lẹ́yìn tó bá jáde. Ìbẹ̀rù yẹn, wọ́n kọ́ yín ni. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́ yín, kò sì lè tán lọ́jọ́ kan.

Ẹ wò ó báyìí. Àìsàn àti jàǹbá mọ́tò ń bá àwọn tó dúró náà. Tó bá bá wọn, wọ́n á ní gúrù ń dán wọn wò. Tó bá bá ẹni tó kúrò, wọ́n á ní ó rí èrè rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, gúrù náà ló máa jàre. Sathya Sai Baba tí àìmọye èèyàn ń wárí fún ní Puttaparthi ní Íńdíà ti sọ fáwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé òun máa tó ẹni ọdún 96 kóun tó kú. Ó kú ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 2011, ẹni ọdún 84 ni. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi oṣù ojú ọ̀run ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ kó lè bá ohun tó sọ mu. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ká ọjọ́ ikú tirẹ̀, báwo ni yóò ṣe ká tiyín?

Bí ọ̀ràn náà bá ti di pé ẹ ò lè jẹun, tàbí pé èrò àti pa ara yín ń wá sí yín lọ́kàn, ẹ má dá a gbé. Ẹ sọ fún ẹni kan tó sún mọ́ yín lónìí, kí ó bá yín dé ilé ìwòsàn. Ẹ wá oníṣègùn ọpọlọ tó máa fetí sílẹ̀, tí kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù ẹ̀sìn tirẹ̀ fún yín.

Ìyá mi ṣì wà níbẹ̀. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ẹ má bú gúrù wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá bú u, ìyá yín ni ẹ bú, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ máa lọ kí wọn, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ ra oògùn wọn, ẹ bi wọ́n nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Bí wọ́n bá fúnra wọn sọ pé nǹkan kan níbẹ̀ ń kọ àwọn lóminú, ẹ má sọ pé “mo ti sọ fún yín.” Ẹ kàn bi wọ́n pé, “Kí lẹ̀yin rò nípa rẹ̀, Màmá?” Ó lè pẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ilé kan wà tí wọ́n lè padà sí láìsí ẹni tó máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Inú àgọ́ ni wọ́n bí mi sí. Èmi ò yàn án.

Ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀, kò sì yẹ kí wọ́n máa kó yín pọ̀ mọ́ àwọn tó fẹsẹ̀ ara wọn wọlé. Ní àwọn àgọ́ Rajneesh, wọ́n máa ń ya ọmọ sọ́tọ̀ sí òbí, pé gbogbo àgọ́ ló ni ọmọ. Lẹ́yìn tí àwọn kan lára wọn dàgbà, wọ́n jáde sọ ìyà tó jẹ wọ́n àti bí àwọn àgbàlagbà ṣe fipá bá wọn lò pọ̀. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ̀bi yín kọ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdáríjì nìkan. Ọ̀rọ̀ òfin ni. Ní ti àwọn nǹkan kéékèèké tí àwọn ojúgbà yín níta mọ̀ tí ẹ̀yin ò mọ̀, bí owó, báńkì, ìwé ìdánwò, ìbádọ́rẹ̀ẹ́, ẹ máa béèrè láìtijú.

Ṣé gbogbo wọn lonírọ́?

Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Jiddu Krishnamurti. Láti kékeré ni Annie Besant àti àwọn olórí Theosophy, ẹgbẹ́ kan tó ń wá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ẹ̀mí, ti mú un, tí wọ́n ń tọ́ ọ láti di Olùkọ́ Ayé. Ní 1911 wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ 1929, nílùú Ommen ní Netherlands, ó dìde níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ẹ̀yìn, ó tú ẹgbẹ́ náà ká, ó ní òtítọ́ kò ní ọ̀nà kan tí ẹgbẹ́ lè là fún èèyàn. Wọ́n dá ilẹ̀ àti ilé ńlá tí wọ́n fi ta ẹgbẹ́ náà lọ́rẹ padà fún ẹni tó ni ín. Síbẹ̀ àwọn èèyàn tún tẹ̀ lé e títí ó fi kú ní 1986, wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ, wọ́n ń jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọwọ́ àwa tí à ń tẹ̀ lé wà nínú ọ̀ràn yìí dáadáa. Gúrù lè kọ ipò náà, ká ṣì gbé e fún un.

Kí ni kí n wá gbàgbọ́ báyìí?

Kò sí ìkánjú. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá gba ohun gbogbo gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọ́dọ̀ tún wá gbogbo ìdáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní tèmi, ohun tí mò ń pè ní ìgbé ayé tí kò rọ̀ mọ́ ẹ̀sìn kò le: kí a máa fi ẹ̀rí díwọ̀n ohun tí a bá gbọ́, kí a lè sọ “mi ò mọ̀” láìbẹ̀rù, kí a máa ṣe rere nítorí pé ẹlòmíì ń jẹ̀rora bíi tiwa, kí a má sì fi ẹ̀rí ọkàn wa pa mọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan kúrò lẹ́yìn gúrù, wọ́n ṣì gba Ọlọ́run gbọ́. Àwọn míì ò gbà á gbọ́ mọ́. Ẹ̀yin lẹ máa mọ èyí tó jẹ́ tiyín.

Àwọn ẹbí ní àṣà òyìnbó ni kí èèyàn máa gbé láìsí ẹ̀sìn.

Ìtàn kò gbè wọ́n. Ní Íńdíà àtijọ́, àwọn tí wọ́n ń pè ní Cārvāka ti ń sọ pé kò sí ayé mìíràn lẹ́yìn èyí, àti pé ẹbọ kò ju ọ̀nà oúnjẹ àwọn àlùfáà lọ. Ìwé tiwọn ti sọnù. Ẹnu àwọn tó ń bá wọn jiyàn la ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nípa wọn. Ní 1940, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Gora dá ibùdó àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ sílẹ̀ lábúlé kan ní Andhra, ó kó lọ sí Vijayawada lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Nílé wa níbí, ta ni kò mọ Tai Solarin? Ó dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, ó sọ ọ́ ní gbangba pé òun ò gba Ọlọ́run gbọ́, iléèwé rẹ̀ ò rọ̀ mọ́ ìjọ kankan, ó sì kọ́ ọmọ aláìmọye láti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, kì í ṣe òyìnbó.

Ta ló máa so mí pọ̀ mọ́ aya mi? Ta ló máa sin mí?

Ní Tamil Nadu, ìpínlẹ̀ kan ní Íńdíà, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Periyar, tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Iyì Ara Ẹni ní 1925, ti ń gbéyàwó láìsí àlùfáà láti àwọn ọdún 1920. Ọkọ àti aya á fi òdòdó kọ́ ara wọn lọ́rùn, àwọn èèyàn wọn á sọ̀rọ̀, ó parí. Òfin 1967 fi òǹtẹ̀ lu irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Fún ẹni tó wà ní Nàìjíríà, kóòtù wà. Ní ti ìsọmọlórúkọ, tí àwọn àgbà ẹbí bá fẹ́ fi oyin, iyọ̀ àti obì ṣàdúrà fún ọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sí gúrù kankan nídìí rẹ̀. Ti ìsìnkú, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sínú ìwé, kí ẹ fi lé ẹni tí ẹ fọkàn tán lọ́wọ́.

Ṣé kí n jáde sọ ohun tí mo rí?

Ní 2002, obìnrin kan tó wà ní àgọ́ gúrù tó ń jẹ́ Gurmeet Ram Rahim Singh kọ lẹ́tà sí olórí ìjọba Íńdíà láìfi orúkọ sí i, ó ní gúrù náà ń fipá bá àwọn lò pọ̀. Oníròyìn kan, Ram Chander Chhatrapati, tẹ lẹ́tà náà sínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n yìnbọn lù ú, ó sì kú. Oṣù Kẹjọ 2017 ni ilé ẹjọ́ tó dá gúrù náà lẹ́bi ìfipábánilòpọ̀, tí wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ogún ọdún. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti ara lẹ́tà kan. Dókítà Narendra Dabholkar, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jà kí òfin lòdì sí ìtànjẹ nípa agbára òkùnkùn lè wà ní Maharashtra, ni wọ́n yìnbọn pa ní Pune ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ 2013. Ọdún yẹn náà ni òfin tó ń jà fún jáde.

Mo mú àwọn ìtàn yìí wá kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè ṣiṣẹ́, ó sì lè mú ewu lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti fipá mú yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ rí lọ́yà, ẹ sọ kìkì ohun tí ojú yín rí, ẹ má fi àhesọ kún un. Bó bá jẹ́ pé ọmọdé wà nínú ewu nísinsìnyí, ìyẹn ò ní í dúró: ọlọ́pàá ni.

Mo bẹ̀rù kí n má tún kó sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó bá ti mọ́ lára láti ní ẹnì kan tó ń bá a ronú, àyè òfo yẹn máa ń fà á. Ó lè jẹ́ wòlíì, olóṣèlú, ẹni tó ń kọ́ni bí èèyàn ṣe ń dolówó, tàbí ẹni tó ń bú gbogbo ẹ̀sìn lórí ẹ̀rọ alátagbà, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ko òun. Fún ọdún kan ó kéré tán, ẹ má fi owó ńlá tàbí ìbúra sílẹ̀ níbikíbi. Ẹ ní ọ̀rẹ́ láti ibi tó yàtọ̀ síra, kó má jẹ́ agbo kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti wá.

Kí ni kí n fi ìlẹ̀kẹ̀, aṣọ àti àwòrán rẹ̀ ṣe?

Ní oṣù Kẹsàn-án 1985, Rajneesh fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn pé aṣọ pupa àti ìlẹ̀kẹ̀ kò pọn dandan mọ́. Ohun tí àwọn míì ti fi ọkọ tàbí iṣẹ́ wọn sílẹ̀ nítorí rẹ̀ di ohun tí wọ́n lè bọ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ẹ̀yin náà lè jù ú nù, ẹ lè fún ẹlòmíì, ẹ lè fi í sínú àpótí títí ẹ ó fi mọ ohun tí ẹ fẹ́. Kò sí èyí tó ní ègún nínú. Àmọ́ rìsíìtì owó tí ẹ san, lẹ́tà, ìwé ilé tàbí ilẹ̀ tí ẹ fọwọ́ sí, àti àtẹ̀jíṣẹ́ tó wà lórí fóònù, ẹ má sun wọ́n, ẹ má sì pa wọ́n rẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà wọn, kí ẹ tọ́jú ọ̀kan sí ilé ẹlòmíì, kí lọ́yà sì yẹ̀ wọ́n wò bóyá nǹkan kan wà tí ẹ lè gbà padà.